Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Ìwé Ilé àti Ilẹ̀ ní Èkó

Bí a bá béèrè ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí tàbí Ìkòròdú, rìsíìtì ẹbí onílẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ fà yọ. Rìsíìtì kàn ń jẹ́rìí pé owó ti kúrò lọ́wọ́ yín ni. Ìwé àdéhùn tí lọ́yà ń kọ, èyí tí à ń pè ní Deed of Assignment, ni ó ń sọ pé ilẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó tà á, tó sì ti di tiyín.

Ẹ má sì ṣe sanwó nítorí pé wọ́n fi sọ́fè, ìyẹn àwòrán ilẹ̀ tí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ yà, hàn yín. Ibi tí ilẹ̀ wà àti bó ṣe fẹ̀ tó ni sọ́fè ń sọ, kò sọ ẹni tó ni ín. Mo ti rí sọ́fè kan tí òǹtẹ̀ rẹ̀ tàn yanran, bẹ́ẹ̀ ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà tipẹ́tipẹ́. Ẹ gba nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ààlà kọ̀ọ̀kan lórí àwòrán náà, kí ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General, ìyẹn olórí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba ìpínlẹ̀, ní Àlàúsá kí wọ́n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá ní excision, ìyẹn ìlànà tí ìjọba fi ń yọ̀ǹda apá kan ilẹ̀ tó ti gbẹ́sẹ̀ lé padà fún àwọn onílẹ̀, ṣì ń lọ lọ́wọ́, ìjọba ló ṣì ni ilẹ̀ náà.

Èyí tó ń kó àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá sí wàhálà ni C of O (Certificate of Occupancy), ìwé ẹ̀rí tí ìjọba ń fún ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀. Láti ìgbà tí òfin Land Use Act ti jáde ní 1978, ọwọ́ Gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, ẹ̀tọ́ láti lò ó, tó sábà máa ń jẹ́ fún 99 ọdún, ni C of O ń fún ènìyàn. Bí olóhun bá tà á fún yín, C of O tó ní orúkọ rẹ̀ kò di tiyín lọ́gán: abala 22 òfin náà ní kí ẹ gba àṣẹ Gómìnà, ìyẹn Governor's Consent. Òfin yìí kan náà ló de ẹni tó bá fi ilé dógò láti yáwó, bí àwọn baba wa ti ń fi oko kòkó dógò láyé àtijọ́. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá ìdógò kan nù nítorí pé kò sí àṣẹ náà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ má sì ṣe gbà pé ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù yín sí National Housing Fund, àpò owó tí ìjọba àpapọ̀ fi ń yá òṣìṣẹ́ lówó ilé, ti sọ yín di onílé: ẹ̀tọ́ láti béèrè ẹ̀yáwó ni, wọn yóò sì yẹ ìwé ilé tí ẹ fẹ́ rà wò kí wọ́n tó yá yín lówó.