Ohun Tí Kò Yẹ Kí O Ṣe Bí O Bá Ń Fi Àtẹ Input-Output Ṣírò Èéfín Iléeṣẹ́

Ní 1970, Wassily Leontief, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, fi ìdọ̀tí àyíká kún àtẹ input-output rẹ̀, ìyẹn àtẹ tó ń fi ohun tí àwọn ẹ̀ka ọrọ̀ ajé ń rà lọ́wọ́ ara wọn hàn. Bí a bá mọ ohun tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń rà lọ́wọ́ ẹ̀ka yòókù àti èéfín tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tú sáfẹ́fẹ́, a lè tọpa èéfín náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ra ọjà níkẹyìn. Ibi ìsọdipúpọ̀ gan-an ni iṣẹ́ náà ti sábà máa ń bàjẹ́.

Má ṣe ka èéfín ẹ̀ka tó ta ọjà nìkan. Ká ní àwọn oníbàárà ìkẹyìn ra irin 100 dọ́là. Irin ń tú kìlógíráàmù 2 jáde lórí dọ́là kan, iná mànàmáná ń tú 10. Irin dọ́là kan ń jẹ iná dọ́là 0.18, iná dọ́là kan náà ń jẹ iná 0.1. Iná tí a nílò kì í ṣe 18, 20 ni, torí iléeṣẹ́ iná pàápàá ń lo iná. Èéfín irin jẹ́ 200, ti iná 200. Ẹni tó ka ti irin nìkan ti pàdánù ìdajì.

Àṣìṣe kejì burú jù, nítorí ó jọ iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n. Bí a bá fi èéfín ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sọ Leontief inverse (iye gbogbo ohun tí ọjà dọ́là kan nílò, ní tààrà àti láìṣe tààrà) di púpọ̀, ó ń fún wa ní kìlógíráàmù 4 lórí dọ́là kan fún irin, 11.1 fún iná, tí ohun gbogbo ti wà nínú rẹ̀. Àwọn kan á wá fi wọ́n sọ àpapọ̀ ohun tí ẹ̀ka méjèèjì ṣe di púpọ̀: irin 100 lọ́nà 4 jẹ́ 400, iná 20 lọ́nà 11.1 jẹ́ 222, ó di 622. Èéfín iná kan náà ni wọ́n kà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ! Ohun tí oníbàárà ìkẹyìn rà nìkan ni kí o lo irú iye bẹ́ẹ̀ fún.

Má ṣe fi owó ọjà òní sínú àtẹ ọdún pípẹ́ láì yọ ọ̀wọ́ngógó kúrò. Bí àpẹẹrẹ, àtẹ WIOD (àkójọ àtẹ input-output fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè) tó jáde ní 2016 parí sí 2014. Yọ owó ọkọ̀ àti èrè oníṣòwò náà sọ́tọ̀, bí àtẹ rẹ bá ń lo iye owó lẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́.

Má sì rò pé ọjà òkèèrè ń tú èéfín bíi ti ilé: iná tí wọ́n fi èédú ṣe kò jọ èyí tí wọ́n fi agbára omi ṣe.

Kó o tó fi èsì ránṣẹ́, ro èéfín gbogbo oníbàárà ìkẹyìn pọ̀. Ó gbọ́dọ̀ bá àpapọ̀ èéfín tí àwọn ẹ̀ka fúnra wọn tú jáde mu. Epo tí àwọn ìdílé ń jó nínú ọkọ̀ wọn kò sí níbẹ̀ rárá. Ìwọ ni kó o fi kún un.