Ẹ má tíì san kọ́bọ̀: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tí a bá fẹ́ kí Google gbé ìkànnì wa jáde

Àǹtí kan tí wọ́n ń se oúnjẹ òde ní Gwarinpa pè mí lóṣù tó kọjá. Ìkànnì wọn ti pé oṣù mẹ́jọ, oníbàárà kan ò tibẹ̀ wá rí. Ẹnì kan wá ní kí wọ́n mówó wá, òun á gbé wọn dé òkè pátápátá lórí Google. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì san kọ́bọ̀."

Mo tẹ "site:" sí Google, mo lẹ àdírẹ́sì ìkànnì wọn mọ́ ọn láìfi àyè sílẹ̀. Ojú ewé kan ò jáde. A wọ inú WordPress, ohun èlò tí wọ́n fi kọ́ ìkànnì wọn, a lọ sí Settings, a tẹ Reading. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n kọ "Discourage search engines from indexing this site" sí. Wọ́n ti máàkì rẹ̀. Ẹni tó kọ́ ìkànnì náà ló máàkì rẹ̀ nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kò sì rántí yọ ọ́. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni ìkànnì wọn fi ń lé Google lẹ́nu ọ̀nà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ yín pé kẹ́ ẹ má bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun láìkọ́kọ́ mọ̀ bóyá Google ti rí yín. Ọ̀fẹ́ ni Google Search Console. Yóò sọ ojú ewé tí wọ́n gbà fún yín, èyí tí wọ́n fi sílẹ̀, àti ohun tó fà á. Ímeèlì tiyín ni kẹ́ ẹ fi ṣí i o, kì í ṣe ti ẹni tó bá yín kọ́ ìkànnì. Mo ti rí ibi tí ìjà ti dé láàárín wọn, tí oníṣòwò ò lè wọ ilé ara rẹ̀ mọ́.

Ìṣòro kejì Àǹtí ni pé fláyà ńlá kan ni gbogbo ojú ewé àkọ́kọ́ wọn: àmàlà, ìrẹsì, nọ́ńbà fóònù, inú àwòrán ni gbogbo rẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ ni Google ń kà dáadáa. Ojú fóònù ló sì fi ń wo ìkànnì báyìí, lórí fóònù ẹ ò lè ka fláyà yẹn láìfà á tóbi. Àkọlé gbogbo ojú ewé wọn, "Home" ni. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìkómọ ní Kubwa, "caterer in Kubwa" ló máa tẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ̀ ń ṣe àti ibi tí ẹ ti ń ṣe é sínú àkọlé.

Àmọ́ ẹ má wá to Wuse, Garki, Maitama, Lugbe, Nyanya, Mararaba jọ sísàlẹ̀ ojú ewé bí ẹni ń pe mọ́tò. Google mọ ọgbọ́n yẹn, kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Bákan náà ni ríra líǹkì, ìyẹn sísanwó kí ìkànnì mìíràn lè tọ́ka sí tiyín: ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fìyà jẹ ẹ́. Bí ẹnì kan bá sì ní kẹ́ ẹ sanwó "meta keywords", ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi pa mọ́ sínú kóòdù ojú ewé, láti 2009 ni Google ti sọ pé àwọn kì í wò ó.

Ẹ má fi Google Business Profile sílẹ̀, ìyẹn àkáǹtì tó ń fi iṣẹ́ yín hàn lórí Google àti Google Maps, ọ̀fẹ́ lòun náà. Tó bá jẹ́ ilé lẹ ti ń dáná, tí oníbàárà kì í wá síbẹ̀, ẹ fi àdírẹ́sì pa mọ́, kẹ́ ẹ kọ àdúgbò tí ẹ máa ń gbé oúnjẹ lọ. Ẹ má purọ́ pé Wuse lẹ wà. Ẹ má sì ní kí àwọn ọmọ àbúrò yín máa kọ ìyìn tí kò ṣẹlẹ̀, ó lè jẹ́ kí wọ́n ti àkáǹtì yín.

Ẹnikẹ́ni tó bá ṣèlérí ipò kìíní, ẹ sá fún un. Owó ìpolówó wà lóòótọ́, àmọ́ Google máa ń kọ "Sponsored" sí i lórí. Kò sí owó tí ẹ lè san fún ipò tó kù. Google fúnra wọn sọ pé iṣẹ́ yìí máa ń gba nǹkan bí oṣù 4 sí ọdún kan kí èso rẹ̀ tó hàn. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹfà tí a yọ máàkì yẹn, ojú ewé mẹ́ta Àǹtí ti jáde. Wọ́n fi owó tí wọn ò san pe ayàwòrán, kó wá ya ọbẹ̀ wọn bó ṣe ń hó lórí iná.