Bí A Ṣe Ń Yan Gìtá Báróòkì Tí Wọ́n Gbẹ́ Lóde Òní

Gìtá báróòkì ni irú gìtá tí wọ́n ń ta ní Yúróòpù ní nǹkan bí ọdún 1600 sí 1750. Kí ẹ tó bi ẹni tí ó gbẹ́ ẹ lóde òní nípa owó rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í nípa gìtá àtijọ́ tí ó wò gbẹ́ ẹ. Bí ó bá ní èyí tí Stradivari, gbajúmọ̀ agbẹ́-fáólìnì, ṣe ní Cremona ní Ítálì ní ọdún 1688 ni, tí ó wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí Ashmolean ní Oxford, ẹ mọ̀ pé okùn rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 74, bẹ́ẹ̀ ti gìtá òde òní kì í sábà ju 65 lọ. Ẹni tí ìka rẹ̀ kúrú yóò jìyà lórí rẹ̀, bí ó ti wù kí orúkọ Stradivari dùn tó létí. Bí ẹ bá sì fi okùn ìfun ẹran sí i, tí ẹ fà á dé 440 (iye ìgbà tí ohùn A ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí gìtá òde òní), okùn tó tín-ín-rín jù lọ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ já. 415 ni kí ẹ fi í sí.

Ọ̀rọ̀ okùn gan-an ló yẹ kí ẹ fara balẹ̀ lé lórí jù. Ìlà okùn márùn-ún ni gìtá yìí ní, E, B, G, D àti A, méjìméjì ni okùn wọn, àyàfi àkọ́kọ́ tí ó sábà máa ń dá wà. Gaspar Sanz, atagìtá ará Sípéènì tí ìwé rẹ̀ lórí gìtá jáde ní Zaragoza ní ọdún 1674, sọ pé okùn tín-ín-rín nìkan ni àwọn ọ̀gá ní Róòmù ń lò, títí kan ìlà kẹrin àti ìkarùn-ún, débi pé ìlà kẹta ni ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀ jù lọ. Bẹ́ẹ̀ ni orin tí a ń fi ìka tú níkọ̀ọ̀kan ṣe ń dán. Okùn nínípọn ni ó gbà pé ó yẹ orin aláriwo tí a ń fi ọwọ́ gbá. Robert de Visée, atagìtá ará Faransé, ní tirẹ̀, ní Paris ní ọdún 1682, fẹ́ okùn nínípọn kan ní ìlà kẹrin. Nítorí náà, ẹ pinnu orin tí ẹ fẹ́ ta, kí ẹ sì sọ fún agbẹ́gìtá kí ó tó gé ojú ihò tí okùn yóò gbà, nítorí okùn nínípọn kò ní wọ ihò tín-ín-rín.

Ẹ yí àwọn èèkàn igi tí a fi ń fa okùn rẹ̀ wò: kò gbọdọ̀ le koko, kò sì gbọdọ̀ yọ̀ padà. Àwọn okùn tí wọ́n so yí ọrùn rẹ̀ ká, tí ó ń sàmì ibi tí a ó ti fi ìka tẹ okùn orin, ṣeé sún, ẹ sún wọn títí ohùn yóò fi tọ́. Ẹ má ṣe fi okùn irin sí i láé. Ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́, yóò ya.