Ọwọ́ Tó Ń Kú Díẹ̀díẹ̀: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́dọ̀ Àwọn Òṣìṣẹ́ Ọkọ̀ Ojú Omi

Ilẹ̀ Okun, ilẹ̀ àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, kò ní etíkun, síbẹ̀ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kò jìnnà sí wa. Odò Ọya ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ Ọ̀wọ̀rọ̀ kọjá. Lọ́kọ́ja ni olú iléeṣẹ́ NIWA wà, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àwọn odò inú ilẹ̀. Ní 2009 ni iṣẹ́ híhú iyanrìn ìsàlẹ̀ odò náà bẹ̀rẹ̀, láti Wàrí dé Baro, 572 kìlómítà. Àwọn ọmọ Kàbà, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ìyàrà sì wà lára àwọn tó ń jó irin, tó ń ha ìpáàrà, tó ń ṣọ́ ẹ́ńjìnnì nínú ọkọ̀ ní Èkó, Wàrí àti Port Harcourt.

Gbogbo wa la mọ ewu kí ọkọ̀ rì. Ewu tó ń bá òṣìṣẹ́ jẹun lójoojúmọ́ tí kò sẹ́ni tó ń pariwo rẹ̀ ni gbígbọ̀n ẹ̀rọ. Ọ̀nà méjì ló ń gbà wọ ara. Ó ń gba ọwọ́ wọlé látinú ẹ̀rọ tí a dì mú, ó sì ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára ìka jẹ́. Ó tún ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ àti ìdí wọlé látinú ilẹ̀ ọkọ̀ tàbí àga, ẹ̀yìn ló sì ń bá jà níbẹ̀.

“Fara dà á, ara á mọ́ ọn”

Ìyá àwọn àṣìṣe yòókù nìyí. Ọmọ tuntun lẹ́nu iṣẹ́ á sọ pé, “Ọ̀gá, ó ń ṣe mí bí ìgbà tí èèrà ń rìn lára ìka mi.” Ọ̀gá á ní kó fara dà á. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ọmọ náà kò ṣàròyé mọ́, gbogbo èèyàn á sì gbà pé iṣẹ́ ti mọ́ ọn lára. Ara rẹ̀ kò mọ́ ọn o. Iṣan tó ń gbé àròyé náà lọ sí ọpọlọ ló ń kú. Ẹ máa wò ó nígbà tó bá fẹ́ de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, tàbí tó fẹ́ ṣa ìṣó nílẹ̀. Ife á máa já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní òru, ọwọ́ á máa ro ó débi tí kò ní í lè sùn.

Tó bá wá di àkókò òtútù, orí ìka rẹ̀ á funfun bí ẹfun. Tí ẹ̀jẹ̀ bá padà dé, ìka á pọ́n, á sì máa ta á gan-an. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń di ti ọ̀tá nílé wa, tí wọ́n á máa gbé ọmọ kiri. Mo bọ̀wọ̀ fún àdúrà, èmi náà sì ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi ọmọ náà léèrè ẹ̀rọ tó ń lò kí ẹ tó bi í léèrè ẹni tó bá jà. Àìsàn yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1918, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Alice Hamilton, yẹ àwọn agbẹ́kùúta ìlú Bedford ní ìpínlẹ̀ Indiana wò. Òòlù tí atẹ́gùn ń tì ni wọ́n ń lò, ìka wọn ń funfun, pàápàá láàárọ̀ tí òtútù bá mú.

Òtútù ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àárọ̀ ọyẹ́ lórí Odò Ọya kò ṣeé fi ṣeré. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti dì ń fi ìyà kún ìyà, nítorí ẹ̀jẹ̀ kò ráyè dé ìka. Kí ó kọ́kọ́ yá ọwọ́ náà, kí ó wọ aṣọ tó nípọn, kí gbogbo ara rẹ̀ móoru. Sìgá náà ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, kò yẹ kó wà láàárín irú iṣẹ́ yìí rárá. Ẹni tó bá tètè kúrò nídìí ẹ̀rọ, funfun ìka rẹ̀ lè dín kù. Ìmọ̀lára tó ti lọ ni ó máa ń ṣòro láti rí gbà padà, òróró gbígbóná kankan kò sì lè dá a padà.

Ìbọ̀wọ́

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ìbọ̀wọ́ dára fún òtútù àti fún irin tó ń géni, ṣùgbọ́n kò dá gbígbọ̀n dúró lọ́nà tó ṣeé fọkàn tán, kódà èyí tí wọ́n ń tà pé torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Èyí tó bá nípọn jù tún máa ń mú kí èèyàn fún ẹ̀rọ pinpin. Bí ọwọ́ bá sì ṣe fún ẹ̀rọ tó ni gbígbọ̀n á ṣe wọlé tó.

Ìṣirò àkókò

Ibí ni àwọn ọ̀gá ti ń ṣìnà jù, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà.

Gbígbọ̀n ní ìwọ̀n, m/s² ni wọ́n fi ń kọ ọ́; bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ga tó ni gbígbọ̀n náà ṣe le tó. Ìlànà tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2002, tí Bìrìtéènì fi ṣe òfin fún àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní 2007, sọ pé tí gbígbọ̀n ọwọ́ bá tó 2.5 m/s² lórí iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti máa wá ọ̀nà láti dín in kù. Tó bá tó 5 m/s², òpin ti dé nìyẹn. Fún gbogbo ara, 0.5 àti 1.15 ni. Òfin àwọn ará ibòmíì ni, ṣùgbọ́n ìka ọmọ Kàbà kò yàtọ̀ sí ìka ọmọ Bìrìtéènì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń rò ni pé tí ẹ̀rọ kan bá ń gbọ̀n ní ìlọ́po méjì èkejì, kí a dín àkókò rẹ̀ kù sí ìdajì, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdá mẹ́rin ni a gbọ́dọ̀ pín àkókò náà sí, kí a mú ẹyọ kan. Ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n ní 5 m/s² máa dé ìwọ̀n àkọ́kọ́ ní wákàtí méjì, á sì dé òpin ní wákàtí mẹ́jọ. Èyí tó ń gbọ̀n ní 10 m/s² máa dé ìwọ̀n àkọ́kọ́ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré, òpin rẹ̀ sì ni wákàtí méjì. Needle gun àtijọ́, ẹ̀rọ oníbẹ̀rẹ́ tí a fi ń gbọn ìpáàrà dànù lára ọkọ̀, lè kọjá 10. Nítorí náà, ọmọ tí a gbé e fún ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tí kò gbé e sílẹ̀, ti lo ọjọ́ rẹ̀ tán ní aago mẹ́wàá. Iye àwọn tí mo mọ̀ tó ń lò ó di ìrọ̀lẹ́ ń dùn mí.

Kí ẹni mẹ́ta pín iṣẹ́ náà láàárín ara wọn, kí wọ́n sì ka kìkì ìgbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n pọ́n ẹnu irin tó ti kú, nítorí irin tó kú ló ń sọ iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá di ti ìdajì wákàtí. Kí wọ́n di ẹ̀rọ mú wẹ́rẹ́, kí ìwúwo rẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ṣiṣẹ́. Ìpáàrà tí omi alágbára lè fọ̀ dànù, kí ló dé tí a fi ń fi ọwọ́ èèyàn gbọ̀n ọ́n?

Ẹ má sì gbàgbé pé ara kan ṣoṣo ló ń gba gbogbo rẹ̀. Ẹni tó fi fáìlín lọ irin láti àárọ̀, tó gun ọ̀kadà gba ọ̀nà tó ti bàjẹ́ lọ sílé, tó tún fi ẹ̀rọ ìgégi gé igi lóko Yàgbà ní Sátidé, kò tíì sinmi.

Ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn

Tí omi bá fà lẹ́ẹ̀rùn, iyanrìn àti kùkùté á yọrí nínú odò. Pùròpélà á gbá wọn, ewé rẹ̀ kan á tẹ̀ tàbí á kán díẹ̀, awakọ̀ á sì máa lọ níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ bá ṣì ń rìn. Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo ọkọ̀ á ti máa gbọ̀n rìrì, nítorí ohun tó ń yí kò dọ́gba mọ́. Gbígbọ̀n yẹn á jẹ bẹ́rìn, á tú nọ́ọ̀tì, á sì fọ́ rọ́bà sítìn ẹ́ńjìnnì. Wọ́n á wá gé táyà kì í sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti tún un ṣe. Àtúnṣe gidi ni kí wọ́n yọ pùròpélà náà, kí wọ́n tọ́ ọ tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n yẹ ṣáàfù wò bóyá ó ṣì tọ́, kí wọ́n sì ra sítìn tuntun. Nínú ọkọ̀ ńlá, àwọn ẹ́ńjìnnì kan ní ìwọ̀n eré tí ṣáàfù ti máa ń gbọ̀n jù, pupa ni wọ́n ń kùn ún lójú aago tó ń fi eré ẹ́ńjìnnì hàn. Kí wọ́n tètè gba ibẹ̀ kọjá, kí wọ́n má dúró sí i.

Àti oorun: ẹ má tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó sùn síbẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ọkọ̀ ayára

Iwájú ọkọ̀ ló ń fò, tó ń ṣubú lu omi jù, ibẹ̀ sì ni wọ́n máa ń fi òṣìṣẹ́ tó kéré jù jókòó sí, lórí pákó lásán. Gbogbo ìlù yẹn ń lọ tààrà sí ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹ sún sẹ́yìn. Ẹni tó bá dúró, kí ó tẹ orúnkún díẹ̀. Àga onísípíríǹgì wúlò tí wọ́n bá tò ó bá ìwúwo ẹni tó jókòó. Àmọ́ kò sóhun tó tó kí awakọ̀ dín eré kù nígbà tí ìgbì bá ń ru. Aboyún àti ẹni tí ẹ̀yìn ti ń dùn tẹ́lẹ̀ kò yẹ níbẹ̀ rárá.

Dídákẹ́

Àwọn kan gbọ́ pé Àdéhùn Iṣẹ́ Ojú Omi ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, ti 2006, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2013, ti sọ̀rọ̀ nípa gbígbọ̀n, pé kí a kọ́ òṣìṣẹ́ ní ewu rẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àdéhùn náà kò kan ọkọ̀ tó jẹ́ pé odò inú ilẹ̀ nìkan ló ń rìn, nítorí náà òṣìṣẹ́ tó ń hú iyanrìn ní Lọ́kọ́ja kò lè gbára lé e. Òfin tó lè gbára lé ni ti owó ìtọ́jú òṣìṣẹ́, 2010, tó wà lábẹ́ àbójútó NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó náà. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni òṣìṣẹ́ ní láti sọ fún agbanisíṣẹ́ lẹ́yìn tó bá mọ̀ pé iṣẹ́ ti dá àìsàn sí òun lára, agbanisíṣẹ́ sì ní ọjọ́ méje láti fi tó NSITF létí. Ẹ má fẹnu lásán sọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: irú ẹ̀rọ tí ẹ ń lò, iye wákàtí tí ẹ ń lò ó lójúmọ́, ìka tó kọ́kọ́ kú àti ọjọ́ tó kú. Bó bá ń funfun, ẹ fi fóònù ya á ní àkókò náà gan-an, nítorí tí ẹ bá fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, àwọ̀ rẹ̀ á ti padà.