Ọ̀kadà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kú lójú ọ̀nà: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ọ̀kadà 100 cc ni mo fi ń gbé èrò láti Ìṣẹ́yìn lọ sí àwọn abúlé tó yí i ká. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, bí mo bá ti rin nǹkan bíi kìlómítà 10, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á kú. Bí mo bá sinmi díẹ̀ tí mo tún gbá kíìkì, á dáhùn, a ó sì jọ máa lọ títí yóò fi tún kú. Mo ti pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti fọ káburétọ̀, síbẹ̀ kò yí padà. Kí ni kí n tún rà?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ra ohunkóhun. Pílọ́ọ̀gì àti káburétọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ sáré bá nítorí pé ọwọ́ tètè ń tó wọn, ṣùgbọ́n irú ikú tí ẹ́ńjìnnì náà ń kú ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Bí epo bá ń tán lọ nínú káburétọ̀, ẹ́ńjìnnì kì í dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò kọ́kọ́ máa rẹ̀ ẹ́, yóò máa fà tìkọ̀tìkọ̀, ẹ ó yí ọwọ́ ọ̀tún títí kò ní sáré, kí ó tó wá kú. Bí ó bá jẹ́ pé iná pílọ́ọ̀gì ni ó já, yóò dákẹ́ lójijì, bí ìgbà tí ẹ fọwọ́ ara yín yí kọ́kọ́rọ́ pa á. Ibi tó bá sì kú sí gan-an ni kí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé bí ẹ bá fi máa tì í dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ara rẹ̀ á ti tutù, yóò dáhùn níbẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí.

Ìbéèrè: Ó máa ń rẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kí ó tó kú. Kí ni kí n wò?

Ìdáhùn: Ẹ ṣí ìdérí táǹkì epo. Ihò tín-ín-rín kan wà lára ìdérí náà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé láti rọ́pò epo tó ń ṣàn jáde, bí eruku tàbí ìpẹtà bá sì dí i, epo kò ní lè sọ̀ kalẹ̀ dáadáa mọ́. Ẹ rántí kẹ́ẹ̀gì omi tí a dé pa tí a wá lu ihò kan ṣoṣo sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: omi á ṣàn díẹ̀, á sì dúró, títí a ó fi tú ìdérí rẹ̀. Ife kékeré tó wà lábẹ́ káburétọ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń mu epo inú rẹ̀. Bí ohun tó ń wọlé kò bá tó ohun tó ń jáde, ife náà á gbẹ, ìsinmi tí ẹ sì ń fún un ni ó ń jẹ́ kí epo rí àyè kán sínú rẹ̀. Bí ẹ bá ṣí ìdérí tí ẹ gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń wọlé, tí ọ̀kadà sì dáhùn lójú ẹsẹ̀, ìdérí ni. Láti rí i dájú, ẹ gba ọ̀nà kan náà láìgbé èrò, kí ẹ máa dúró ṣí i ní kìlómítà mẹ́ta-mẹ́ta. Bí kò bá kú mọ́, ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ la ihò náà. Ẹ kò ná kọ́bọ̀.

Bí kì í bá ṣe ìdérí, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, nítorí epo tó bá kán sára sàlẹ́ńsà gbígbóná lè gbiná. Ẹ ti tápù epo, ẹ yọ rọ́bà epo lára káburétọ̀, ẹ fi ẹnu rẹ̀ sínú ìgò, kí ẹ wá ṣí tápù. Epo gbọ́dọ̀ ṣàn láìdáwọ́ dúró. Bí ó bá ń kán tó-tó-tó, asẹ́ orí tápù tó wà nínú táǹkì ni ìdọ̀tí ti dí, ẹni tó ń fọ káburétọ̀ kì í sì í sábà dé ibẹ̀. Àwọn tó máa ń fi tápù sí rìsáfù nígbà gbogbo ni èyí ń bá jù, nítorí pé ìsàlẹ̀ táǹkì ni rìsáfù ti ń fa epo, ibẹ̀ sì ni ìpẹtà àti omi ń sùn sí.

Ìbéèrè: Ẹ mẹ́nu ba omi. Inú ìgò ni mo ti ń ra epo lẹ́bàá ọ̀nà. Ṣé omi lè wà nínú rẹ̀?

Ìdáhùn: Ó lè wà níbẹ̀, pàápàá ní ìgbà òjò. Omi wúwo ju epo bẹntiróòlù lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni yóò wà. Ẹ tú ìdè kékeré abẹ́ káburétọ̀, kí ẹ gbe ohun tó bá jáde sínú ife tó mọ́ gaara. Bí ẹ bá rí ohun róbótó tó ń yí kiri nísàlẹ̀ tí kò pò mọ́ epo, omi ni. Fífọ káburétọ̀ nìkan kò tó nígbà náà, gbogbo epo inú táǹkì ni kí ẹ dà nù pátápátá.

Ìbéèrè: Ti ọ̀rẹ́ mi máa ń kú lójijì bí ara rẹ̀ bá ti gbóná, kì í sì í dáhùn títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò fi kọjá. Ṣé epo ni?

Ìdáhùn: Rárá, ó jọ iná. Ẹ sọ fún un kí ó má gbé èrò gba ojú títì márosẹ̀ títí a ó fi rí ìdí rẹ̀, nítorí ọ̀kadà tó bá dákẹ́ lójijì níwájú ọkọ̀ ẹrù lè gba ẹ̀mí.

Kí ó mú pílọ́ọ̀gì tó dára kan dání. Bí ó bá ti kú, kí ó fi í sínú rọ́bà pílọ́ọ̀gì, kí ó gbé ara rẹ̀ lé irin ẹ́ńjìnnì, kí ó di rọ́bà náà mú, kí ó sì gbá kíìkì, jìnnà sí epo tó bá ṣí sílẹ̀. Pílọ́ọ̀gì ti ẹ́ńjìnnì ni kí ó wà ní àyè rẹ̀. Bí kò bá rí iná, kọ́ìlì tó ń fún iná pílọ́ọ̀gì lágbára, tàbí CDI, àpótí kékeré tó ń pàṣẹ ìgbà tí iná yóò tàn, ni a ó kọ́kọ́ fura sí. Wáyà inú kọ́ìlì tó ti já díẹ̀ máa ń fara kanra nígbà tó tutù, ooru á sì yà wọ́n. Kí ó yá irú rẹ̀ lára ọ̀kadà mìíràn tí kò lárùn, kí ó gùn ún títí yóò fi gbóná, kí ó tó náwó ra tuntun. Ṣáájú èyí, kí ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, kí ó yí hándù sí ọ̀tún àti sí òsì. Bí ó bá kú bí ó ti ń yí i, wáyà tó kọjá lọ́rùn hándù ni ó ti gé. Mo ti rí ẹni tó ra CDI méjì nítorí wáyà yẹn.

Ìbéèrè: Bí iná bá wà, tí epo sì wà, ńkọ́?

Ìdáhùn: Kí ó fọkàn sí kíìkì. Bí ó bá rọ̀ lẹ́sẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná, tó sì le nígbà tó tutù, fáàfù, ìyẹn ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì tí èéfín sì ń gbà jáde, ni ó ti fún jù, tí kì í padé mọ́. Lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré, àlàfo fáàfù kì í ju 0.05 sí 0.10 mílímítà lọ, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù ni a sì ń wọ̀n ọ́n. Bí kíìkì bá tún rọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti tún un ṣe, kí wọ́n ṣí orí ẹ́ńjìnnì.