Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé London? Ẹ wá lẹ́tà tí orúkọ yín wà lórí ẹ̀ ná

Ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ sì kú òtútù. Nílé, èèyàn la fi ń ṣe nǹkan: ẹ̀gbọ́n ẹnì kan wà ní báǹkì, ẹ mọ ìyàwó ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ bi wọ́n léèrè àwọn ọmọ, wọ́n á ní "ẹ ṣì jókòó síbẹ̀ ná, à ń bọ̀". Níbí, bébà ni. Bébà tí orúkọ yín àti àdírẹ́sì yín wà lórí ẹ̀, tí ò sì tíì pẹ́ jù. Tí bébà yẹn ò bá sí, ẹ lè dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹni tó wà ní káńtà á kàn rẹ́rìn-ín sí yín, á ní "sorry", á pe ẹni tó wà lẹ́yìn yín.

Wàhálà ẹ̀ ni pé báǹkì á ní kẹ́ ẹ mú ẹ̀rí àdírẹ́sì wá, ẹni tó fẹ́ gbà yín sílé á ní òun fẹ́ rí ìwé báǹkì, ibi iṣẹ́ náà ń béèrè àkáǹtì tí wọ́n á máa san owó sí, gbogbo wọn á wá máa gbá yín síra wọn bíi bọ́ọ̀lù. Ọ̀dọ̀ àǹtí mi ni mo sọ̀ sí, yàrá kan ni wọ́n fún mi, bíìlì iná, bíìlì omi, kò séyìí tó jẹ́ orúkọ mi nínú ẹ̀, bí eré bí eré ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lọ. Báǹkì orí fóònù ló yọ mí. Pásípọ́ọ̀tù ni mo yà ránṣẹ́, mo ṣe fídíò ojú mi, wọ́n fi káàdì ránṣẹ́ sílé lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Tó bá jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ lẹ wá, ẹ ní kí yunifásítì kọ lẹ́tà sí báǹkì fún yín, wọ́n mọ̀ ọ́n kọ, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́.

Ọgbọ́n míì tí mo fẹ́ràn: provisional licence, láìsẹnsì ẹni tó ń kọ́ mọ́tò. Kódà tẹ́ ẹ ò ní fọwọ́ kan mọ́tò lọ́dún yìí, £34 ni lórí GOV.UK, sáìtì ìjọba, lọ́dún 2025, fọ́tò yín àti àdírẹ́sì yín á wà lórí ẹ̀, ẹ ò ní máa gbé pásípọ́ọ̀tù kiri mọ́. Láìsẹnsì Nàìjíríà ṣì máa gbé yín fún oṣù méjìlá péré látìgbà tẹ́ ẹ bá ti di ará ibí, lẹ́yìn ìyẹn ẹ máa ṣe ìdánwò bíi ọmọdé, kódà tó bá jẹ́ pé ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó lẹ ti ń wa mọ́tò fún ogún ọdún.

Ọ̀rọ̀ orúkọ wá ńkọ́. Bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù ni kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ níbi gbogbo, ẹ má yí i. Tẹ́ ẹ bá kọ Báyọ̀ níbì kan, tẹ́ ẹ kọ Adébáyọ̀ níbòmíì, tẹ́ ẹ wá fi orúkọ bàbá ṣáájú níbi kẹta, kọ̀ǹpútà á kà yín sí èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má sì da NI number pọ̀ mọ́ NIN tiwa o! National Insurance number ni tibí, ti owó orí àti iṣẹ́ ni, lẹ́tà méjì, nọ́ńbà mẹ́fà, lẹ́tà kan. Ọ̀fẹ́ ni lórí GOV.UK, ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ san owó kóun tó bá yín gbà á, ẹ sá fún un. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kó tó jáde.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti GP dáadáa, torí ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn èèyàn wa tí wọ́n fi ara wọn ṣeré. Ẹ má dúró dìgbà tí ara ò bá yá. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti ní ibi tẹ́ ẹ ń sùn sí ni kẹ́ ẹ ti lọ forúkọ sílẹ̀. Dókítà àdúgbò ni GP, ọwọ́ ẹ̀ lẹ máa gbà kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú tàbí dókítà eegun, ẹ ò lè kàn jí lọ́jọ́ kan kẹ́ ẹ forí lé ọsibítù ńlá. Wọn ò gbowó ìforúkọsílẹ̀, kójú má sì tì yín, ẹ ti san owó IHS, owó ìtọ́jú ìlera, pẹ̀lú visa yín, £1,035 lọ́dún fún òṣìṣẹ́ láti oṣù kejì 2024, kì í ṣe owó kékeré. Èyí tó wá dùn mọ́ mi nínú jù ni pé NHS, àjọ ìlera ìjọba, fúnra wọn sọ ọ́ pé ẹ ò nílò ẹ̀rí àdírẹ́sì tàbí ìwé ìdánimọ̀ kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, àmọ́ ẹni tó wà ní káńtà lè má mọ̀ tàbí kó ṣe bíi pé òun ò mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá èmi padà. Ẹ má jà, ẹ má pariwo, ẹ ṣí ojú ewé NHS yẹn lórí fóònù, ẹ rọra fi hàn wọ́n.

Tẹ́ ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ tán, aago mẹ́jọ àárọ̀ lẹ máa pè tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí dókítà lọ́jọ́ yẹn, tó bá di aago mẹ́wàá ó ti tán, àwọn kan ti gbé tiwọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kẹ́míìsì wọn kì í ṣe tiwa o, kò sí "ẹ bá mi po oògùn ibà", Ampiclox tẹ́ ẹ máa ń rà bíi bisikíìtì yẹn, láìsí ìwé dókítà wọn ò ní tà á. Ṣùgbọ́n láti oṣù kìíní 2024, kẹ́míìsì ní England lè tọ́jú àìsàn méje fúnra wọn, bí ọ̀nà ọ̀fun tó ń dùn yín tàbí etí ọmọ tó ń ro ó, ẹ kàn wọlé kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ rí pharmacist. Tí dókítà bá kọ oògùn, £9.90 ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní England lọ́dún 2025, ọ̀fẹ́ ni ní Scotland àti Wales. Paracetamol, ẹ ò lè rà ju páálí méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Èmi kó mẹ́ta, ẹ̀rọ tí mo ń fúnra mi sanwó ní figbe ta, gbogbo èèyàn yíjú wò mí bíi pé mo jalè. 999 fún ohun tó lè pààyàn, 111 fún èyí tí kò lè dúró di ọ̀la.

Bọ́ọ̀sì ò le. Wọn ò gba owó lọ́wọ́ látọdún 2014, káàdì báǹkì tàbí Oyster, káàdì ọkọ̀ wọn, lẹ máa fi kan ẹ̀rọ nígbà tẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ̀ẹ̀kan péré, £1.75 ni ní 2025, tẹ́ ẹ bá sì wọ bọ́ọ̀sì míì láàárín wákàtí kan wọn ò ní gba owó kejì, àmọ́ káàdì kan náà ni kẹ́ ẹ lò, fóònù àti káàdì kì í ṣe ọ̀kan náà lójú wọn. Ti ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, ẹ máa fi kan ẹ̀rọ nígbà ìwọlé àti nígbà ìjáde. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀, ẹ tẹ bẹ́ẹ̀lì, ẹ má kígbe "ó wà o!", mo ti rí i tẹ́nì kan ṣe é ní Peckham, àwa tá a gbọ́ la rẹ́rìn-ín.

Ìdọ̀tí ńkọ́? Káńsù kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tiẹ̀ àti ọjọ́ tiẹ̀, ẹ tẹ postcode yín sórí sáìtì wọn. Náílọ́ọ̀nù ẹ̀lùbọ́ ni mo jù sínú bíìnì ohun tí wọ́n ń tún lò, wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn, wọ́n fi sílẹ̀, ó wà níwájú ilé fún ọ̀sẹ̀ méjì, àǹtí mi ò sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n ojú wọn sọ̀rọ̀.

Tẹ́ ẹ bá kó wọlé tiyín, ẹ ya fọ́tò mítà iná àti ti gáàsì lọ́jọ́ yẹn gan-an kẹ́ ẹ má baà san gbèsè ẹni tó kó jáde. Ọjọ́ Sunday, wákàtí mẹ́fà péré làwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá ń ṣí ní England, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ra nǹkan ọbẹ̀ lọ́jọ́ Saturday.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tó máa wọlé sí ilé yín ṣeé ṣe kó jẹ́ ti TV Licensing, àwọn tó ń gba owó láìsẹnsì tẹlifíṣọ̀n, á sì kún fún ìhalẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá ń wo tẹlifíṣọ̀n bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, tẹ́ ẹ ò sì lo iPlayer ti BBC, ẹ lọ sọ fún wọn lórí sáìtì wọn pé ẹ ò nílò láìsẹnsì yẹn. Èmi, bí mo ṣe rí i pé àdírẹ́sì mi wà lórí ẹ̀ báyìí, inú mi dùn, mo sáré gbé e lọ sí báǹkì. Ọmọbìnrin yẹn wò ó, ó yí i padà sí mi, ó fi ìka tọ́ ibi tí orúkọ máa ń wà. "Legal Occupier" ni wọ́n kọ síbẹ̀.