Bí Mo Ṣe La Ọ̀rọ̀ Stall Yé Àbúrò Mi

Kí àbúrò mi tó kúrò ní Adó-Èkìtì lọ sí iléèwé ìwakọ̀ òfurufú tó wà ní Zaria, ó bẹ̀ mí pé kí n la ọ̀rọ̀ stall, ìyẹn ìgbà tí atẹ́gùn kò lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn apá bàálù mọ́ tí apá náà kò sì lè gbé bàálù dúró dáadáa, yé òun, nítorí pé ìṣirò ti bo kókó ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ nínú ìwé tó ń kà. Èmi náà ti kọ́ ìwakọ̀ bàálù, mo sì gbà pé awakọ̀ kò nílò gbogbo ìṣirò àwọn tó ń ṣe bàálù. Ohun tí kò gbọ̀dọ̀ ṣókùnkùn sí i ni pé bí apá bàálù ṣe dagun sí atẹ́gùn ló ń fa stall, kì í ṣe àìsáré lásán.

Mo tẹ páálí kan kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè rí bíi ti apá bàálù, mo lẹ òwú ìránṣọ kéékèèké mọ́ ọn lẹ́yìn, mo sì gbé e síwájú fáànù. Bí mo ṣe ń gbé etí rẹ̀ tó kọjú sí fáànù sókè díẹ̀díẹ̀, òwú náà sùn gbọrọ lórí rẹ̀, àfi lójijì tí àwọn tó wà lápá ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí òmíràn tilẹ̀ yí padà kọjú síbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Mo ní kó mú kí fáànù yára sí i, síbẹ̀ igun tí òwú ti ń dàrú, ìyẹn igun tí stall ti ń bẹ̀rẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Lára ọ̀pọ̀ bàálù kékeré, igun náà kò jìnnà sí dígírì 15 tàbí 16.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló wá dé tí wọ́n ń kọ eré stall sínú ìwé bàálù?”

Ìbéèrè yìí ni mo ti ń retí. Eré tí wọ́n kọ síbẹ̀ wà fún bàálù tó ń fò lọ tààrà pẹ̀lú ìwúwo kan pàtó. Bí ó bá dẹ̀gbẹ́ ní dígírì 60 láì sọ̀ kalẹ̀, apá rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ìlọ́po méjì ìwúwo rẹ̀, nítorí náà èyí tí ń bọ́ sínú stall ní nóòtì 50 (nóòtì ni wọ́n fi ń wọn eré bàálù) yóò bọ́ sínú rẹ̀ ní nǹkan bí 71. Ìṣirò kan ṣoṣo tí mo ní kó há sórí nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni mo sọ ti bàálù Air France tó já sínú òkun Àtìláńtíìkì ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2009 fún un, èyí tó gba ẹ̀mí ènìyàn 228. Yìnyín dí ihò tí ẹ̀rọ fi ń wọn eré, àwọn awakọ̀ rẹ̀ fa imú bàálù sókè, ẹ̀rọ sì ń kéde stall léraléra. Awakọ̀ tó ti yege ìdánwò ni wọ́n. Ìdí nìyí tí mi ò fi jẹ́ kó dúró lórí ìwé nìkan. Mo gbé àga kalẹ̀, mo fi igi ṣe ọ̀pá ìdarí, a sì ń tún un ṣe títí ó fi mọ́ ọn lọ́wọ́: kó kọ́kọ́ ti ọ̀pá síwájú kí igun lè dínkù, kó mú apá dọ́gba, kó fi agbára kún ẹ́ńjìnnì, kó tó wá rọra gbé imú sókè, nítorí pé bí igun bá ṣì ga, agbára ẹ́ńjìnnì nìkan kò ní jẹ́ kí atẹ́gùn padà lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn apá náà.